Eku Inú Àpótí Ìyá Mi

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí gbólóhùn kan tó ti ẹnu èmi fúnra mi jáde ti ń gún mi lọ́kàn bí ẹ̀gún. Ìyá mi ni mo sọ ọ́ sí.

Àbúrò mi, tí ìyá wa ń pè ní Àkànní, wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ló máa ń pe ìyá lórí WhatsApp, sórí fóònù ńlá tó rà ránṣẹ́ sí wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́. Fóònù náà á dún, á dún, á dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni àbúrò mi á pè mí ní Ìlọrin níbí: "Àǹtí mi, Màmá ò tún gbé e o." Èmi náà á wá pe ìyá lórí fóònù kékeré oníbọ́tìnnì wọn. Ìdáhùn wọn kì í yí padà: "Mo rí i, Àbẹ̀kẹ́. Ọwọ́ mi ló wà tó ń dún. Mo ń fà á, kò fà ni."

Lọ́jọ́ Àìkú kan, ọ̀rọ̀ náà sú mi. Mo ní, "Màmá, ọmọ ọdún mẹ́ta ń gbé ìpè lórí irú fóònù yẹn." Ìyá mi ò fèsì. Wọ́n kàn ní, "Ó dáa, ó dàárọ̀," wọ́n sì pa fóònù.

Obìnrin tó ti ta èlùbọ́ fún ogójì ọdún ní Ọjà Jagun kì í ṣe ẹni tí ọ̀rọ̀ ń wọ́n lẹ́nu. Bí irú wọn bá dákẹ́, ohun tó o sọ ti wọ̀ wọ́n lára. Lọ́jọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e ni mo wọkọ̀ lọ sílé láti bẹ̀ wọ́n. Mo kúnlẹ̀, wọ́n ní kí n dìde. Wọ́n wọ yàrá, wọ́n ṣí àpótí aṣọ wọn, wọ́n tú gèlè àtijọ́ kan tí wọ́n ká bí òṣùká, wọ́n mú ohun dúdú kan jáde nínú rẹ̀, wọ́n sì gbé e lé mi látẹ́lẹwọ́.

"Èyí ńkọ́?" ni wọ́n wí. "Ta ló kọ́ mi ní èyí?"

Máòsì tó ní etí

Mo mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Máòsì kọ̀ǹpútà ni, èyí tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí eku lédè Òyìnbó, irú èyí tó tún ń ṣe iṣẹ́ fóònù. Láti ọdún 2007 ni mo ti rí i kẹ́yìn, mo sì ti rò pé ó ti bá pàǹtírí kafé íntánẹ́ẹ̀tì tí mo ń bójú tó ní Under G, àdúgbò kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, lọ lọ́jọ́ tá a palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Èmi ò mọ̀ pé ìyá mi ni wọ́n gbé e pa mọ́.

Àsìkò kan wà tí irú máòsì bẹ́ẹ̀ jẹ́ ohun ìyanu. Sony gbé ọ̀kan jáde ní 2006, àwọn iléeṣẹ́ mìíràn náà sì ṣe tiwọn. Bó o bá dé e, máòsì lásán ni, wàá máa fà á kiri lórí tábìlì. Bó o bá ṣí i bí ẹni ṣí ìwé, fóònù ni: ibi tá a fi ń gbọ́ wà lókè, ibi tá a ń sọ̀rọ̀ sí wà nísàlẹ̀. Okùn USB kan ṣoṣo ló so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n bí nǹkan méjì ni kọ̀ǹpútà ṣe ń rí i. Á ka apá kan sí máòsì, á ka apá kejì sí ẹ̀rọ tó ń gbóhùn wọlé tó sì ń gbé e jáde, gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí èèyàn méjì bá gba ẹnu ọ̀nà kan wọlé. Skype, ètò ìpè orí íntánẹ́ẹ̀tì tó bẹ̀rẹ̀ ní 2003, ló máa ń gbé ohùn náà lọ. Láti kọ̀ǹpútà sí kọ̀ǹpútà, wọn kì í gba owó ìpè kankan.

Ọ̀fẹ́ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré fún wa. Nígbà tí fóònù GSM dé ní 2001, náírà 50 ni ìṣẹ́jú kan, láàárín Nàìjíríà níbí ni o. Owó náà ti wálẹ̀ nígbà tí Àkànní fi máa rìnrìn àjò, ṣùgbọ́n ìpè sókè òkun ṣì jẹ́ ohun tí èèyàn ń wo aago ṣe. Ìyá á kí i tán, owó á sì ti fẹ́ tán.

Hẹ́dísẹ́ẹ̀tì, agbọ́rọ̀ tí wọ́n ń dé sórí, la kọ́kọ́ fi gbìyànjú ní kafé. Kò bọ́ sí i rárá, torí gèlè. Irin orí rẹ̀ kò lè jókòó lórí gèlè ìyá mi, wọn ò sì ní tú gèlè láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH, yunifásítì ìlú wa, tí wọ́n tó ọmọ-ọmọ wọn. Wọ́n fi ọwọ́ di agbọ́rọ̀ kan mú létí, gbohùngbohùn rẹ̀ ń wò lókè bí ìwo. Àkànní gbọ́ bẹ́ẹ̀, ó sì fi máòsì yìí rán ẹnì kan tó ń bọ̀ wálé fún ọdún Kérésì.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ní Under G

Mo fẹ́ rọra sọ èyí, torí pé òun ni mo ti gbàgbé, òun sì ni ìyá mi fi dá mi lóhùn.

Wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú náà, wọ́n gun ọ̀kadà láti Tákíè wá sí Under G, wọ́n gbé èlùbọ́ wá fún mi nínú ọ̀rá. Ẹ̀rù kọ̀ǹpútà ń bà wọ́n. Bí wọ́n bá wọ kafé, wọ́n á ká ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn bí ẹni tó wọ ilé onígíláàsì, kí wọ́n má bàa fọwọ́ kan ohun tí ọmọ wọn máa san owó rẹ̀. Mo fi wọ́n jókòó síwájú ẹ̀rọ kan, mo ṣí Skype, mo sọ fún wọn pé Àkànní ò ní pẹ́ pè.

Ni NẸ́PÀ bá mú iná lọ. Kọ̀ǹpútà iwájú ìyá àti módẹ́mù tó ń gba íntánẹ́ẹ̀tì wọlé wà lórí bátìrì, nítorí náà wọn kò kú. Mo sáré lọ sẹ́yìn ilé láti tan jẹnẹrétọ̀. Ọjọ́ yẹn ló yàn láti ya olóríkunkun: mo fa okùn rẹ̀ títí èjìká fi ń dùn mí, mo tú púlọ́ọ̀gì, mo nù ún, mo dá a padà. Gbogbo ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé ìpè Àkànní máa dún, kò ní í sí ẹni tó máa gbé e.

Nígbà tí iná tàn tí mo sáré wọlé, ìyá mi ń sọ̀rọ̀. Wọ́n fara ti àga oníke náà, máòsì ti là sí méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí wọn, lábẹ́ etí gèlè, wọ́n ń ki Àkànní ní oríkì. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó jókòó nítòsí ní, "Ìyá ti wà lórí ẹ̀ tipẹ́."

Lẹ́yìn tí wọ́n parí, wọ́n dé e pa, ìpè sì gé, bó ṣe yẹ kó rí gan-an. Mo bi wọ́n pé ta ló fi hàn wọ́n. Wọ́n wò mí bí ẹni pé ìbéèrè náà ṣàjèjì. "Ó ń dún, ó ń tan iná, ó sì ní ìdérí. Kí lèèyàn ń ṣe fún ohun tó bá ní ìdérí?"

Nígbà yẹn, ó pa mí lẹ́rìn-ín, mo sì gbójú kúrò níbẹ̀. Ó gbà mí ní ọdún méjìdínlógún kí n tó gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Ẹni tó ṣe máòsì yẹn ti fi ìdáhùn sí ara ẹ̀rọ náà. Ìdérí rẹ̀ ń sọ fún ọwọ́ pé kó ṣí òun, bó ṣe ń rí lára ìkòkò, lára igbá, lára àpótí aṣọ. Kò sí ohun tó béèrè lọ́wọ́ ìyá mi tí ọwọ́ wọn kò ti mọ̀ kí wọ́n tó bí mi.

"Gbà"

Ìṣòro tó wà nínú ìpè yẹn kò sí lára máòsì, ojú ọ̀run ló wà. Àwo sátẹ́láìtì tó wà lórí òrùlé kafé la fi ń gba íntánẹ́ẹ̀tì, sátẹ́láìtì irú èyí sì ga ju ilẹ̀ lọ ní kìlómítà 35,786. Ọ̀rọ̀ tí ìyá mi bá sọ ní Ògbómọ̀ṣọ́ á kọ́kọ́ gòkè dé ibẹ̀, á tún sọ̀ kalẹ̀, kó tó wá mú ọ̀nà Lọ́ńdọ̀nù pọ̀n. Bí ó tilẹ̀ ń sáré bí ìmọ́lẹ̀, lílọ nìkan gba nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá, ìdáhùn náà á sì tún gba irú ọ̀nà kan náà bọ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ á lé ní ìdajì ìṣẹ́jú àáyá kí èsì tó dé.

Ẹlòmíràn lè ní kí ni ìdajì ìṣẹ́jú àáyá. Kó wá wo bí Yorùbá ṣe ń kí ara wọn. "Ẹ kú ilé o" kò gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ balẹ̀ kí "hòo" tó pàdé rẹ̀. Bí ìyá bá pè ọ́, tí "Mà" kò bọ́ lẹ́nu rẹ kíá, ìwà ni wọ́n á bi ọ́. Nítorí náà, ìyá á ní "Àkànní," wọn ò ní gbọ́ nǹkan kan, wọ́n á yíjú sí mi pé, "Ó ti lọ?" Bí wọ́n ṣe ń sọ ìyẹn ni "Mà" Àkànní á dé, á bá ohùn wọn jà, kò sì ní í sí èyí tó máa yé ẹnikẹ́ni. Lójú ìyá mi, ó dà bí pé ọmọ wọn ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń jẹ́ni lóhùn. Mo rí i lójú wọn, ó sì dùn mí, torí pé ohun tí jíjìnnà ṣe ni wọ́n fẹ́ kà sí ọmọ wọn lọ́rùn.

Àwọn fúnra wọn ló tún wá ọ̀nà àbáyọ. Lọ́jọ́ Àìkú kẹta, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi "Gbà" parí ọ̀rọ̀. "Àkànní, ṣé otútù ibẹ̀ kò pọ̀ jù? Gbà." Wọ́n á wá dúró, wọ́n á fi ọwọ́ kejì di àga mú, títí ohùn náà á fi ti ọ̀run bọ̀. Àkànní náà kọ́ ọ: "Kò pọ̀ jù, Mà. Mo ti ra kóòtù. Ẹ gbà." Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í já gaara. N kò rí ẹni tó kọ́ wọn ní èyí náà.

Ìdí tí eku náà kò fi pẹ́

Mi ò ní purọ́ pé ẹ̀rọ náà pé. Àwọn baba wa ní ẹni tó lé eku méjì á pòfo, eku kan ṣoṣo tí wọ́n di ẹrù méjì rù náà sì ní wàhálà tirẹ̀. Bí o bá gbé e sétí, ìtọ́ka ojú kọ̀ǹpútà á dúró gbọin, torí pé ojú tó fi ń ríran lórí tábìlì ti kúrò nílẹ̀. Bí Àkànní bá ní kí n ṣí fọ́tò kan fún ìyá wò, mo ní láti gba máòsì létí wọn. Okùn rẹ̀ kò sì gùn, nítorí náà àwọn ni wọ́n ń tẹ̀ sún mọ́ tábìlì.

Nígbà tó yá, kọ̀ǹpútà alágbèéká tó ti ní agbóhùnsókè àti gbohùngbohùn nínú pọ̀ káàkiri, fóònù ọlọ́gbọ́n sì gba iṣẹ́ ìyókù. Ní 2013, Microsoft, tó ti ra Skype ní 2011, kéde pé àwọn máa ti ọ̀nà tí ẹ̀rọ àti ètò àwọn ẹlòmíràn ń gbà bá Skype ṣiṣẹ́. Ní ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún 2025, Skype fúnra rẹ̀ kógbá sílé. Ibi tí ìtàn máòsì náà parí sí lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò nìyẹn, mi ò sì bá wọn jà sí i.

Ohun tí mo bá jà sí ni pé nígbà tá a kó gbogbo iṣẹ́ sínú gíláàsì pẹlẹbẹ kan, a kó ìdérí náà dànù. A sì ń pe ẹni tó ń wá ìdérí ní ẹni tí kò mọ nǹkan kan.

Ọwọ́ ẹni tó ta èlùbọ́

Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì náà, mo ní kí ìyá fi hàn mí bí wọ́n ṣe ń gbé ìpè. Mo jókòó tì wọ́n, mo fi fóònù mi pè wọ́n. Wọ́n gbé àtàǹpàkò lé àmì aláwọ̀ ewé, wọ́n fà á sókè, bó ṣe yẹ gan-an. Kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n fà á lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta. Mo fi àtàǹpàkò tèmi fà á lẹ́ẹ̀kan, ó gbé e.

Ojú mi là. Ìyá mi mọ̀ ọ́n ṣe. Fóònù náà ni kò mọ̀ pé ọwọ́ wọn wà lára òun.

Ojú irú fóònù yìí kì í gbọ́ títẹ̀ bí bọ́tìnnì ti ń gbọ́ ọ. Iná mànàmáná díẹ̀ ló tàn ká abẹ́ gíláàsì rẹ̀, ara èèyàn tó ní omi nínú á sì fa díẹ̀ lára iná náà níbi tó bá ti kàn án. Àyípadà yẹn ni ẹ̀rọ náà ń ṣọ́. Bí awọ orí ìka bá ti yi, tó sì gbẹ, ohun tó ń fà kéré débi pé ẹ̀rọ náà lè má kà á sí. Ìyá mi ti fi ogójì ọdún bó iṣu, wọ́n ti ki ọwọ́ bọ omi gbígbóná gbà á jáde, wọ́n ti tẹ́ ẹ sórí àpáta, wọ́n ti fi ọwọ́ kan náà bu èlùbọ́ gbígbẹ lójoojúmọ́ ọjà. Ẹ wo àtàǹpàkò wọn, ó dán bí ẹ̀yìn ṣíbí onígi. Owó ilé ìwé èmi àti Àkànní wà nínú awọ yẹn.

Mo fi aṣọ tútù nu ìka wọn, mo tún pè. Wọ́n fà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó gbé e. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Láti oṣù mélòó kan ni wọ́n ti ń fà á tí wọ́n ń sọ fún mi pé kò fà, òótọ́ ni wọ́n ń sọ, mo sì fi ọmọ ọdún mẹ́ta wé wọn.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Gbogbo wa la mọ òwe yẹn. Ohun tí mo ń rò láti ìgbà náà ni pé ẹni tó gé ẹnu kèrègbè ló pinnu bí ẹnu rẹ̀ ṣe máa kéré tó. Àwọn tó ń ṣe fóònù mọ̀ pé àgbà wà láyé, wọ́n mọ̀ pé àgbẹ̀ wà, alápatà wà, bíríkìlà wà, aláró wà. Mi ò fẹ́ kí wọ́n padà sí máòsì. Ìdérí kan péré ni mo ń wá, tàbí bọ́tìnnì kan tó yọ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí ọwọ́ lè rí nínú òkùnkùn. Kí àwa ọmọ náà sì kọ́ láti wo ọwọ́ àwọn òbí wa dáadáa ká tó wo orí wọn.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e

Mi ò padà sí Ìlọrin ní Sátidé. Lọ́jọ́ Àìkú, mo fi okùn máòsì náà bọ kọ̀ǹpútà alágbèéká mi, láìní ìrètí kankan. Lẹ́yìn ọdún méjìdínlógún nínú gèlè, kọ̀ǹpútà mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀, ó mọ apá méjèèjì. Ìtọ́ka rìn lójú rẹ̀. Mo sọ̀rọ̀ sí i, ó gbọ́ mi. Mo ṣí WhatsApp sórí kọ̀ǹpútà náà, mo yan máòsì pé òun ni kó máa gbé ohùn.

Ṣíṣí kò lè gbé ìpè mọ́, dídé kò sì lè gé e, torí Skype tó mọ èdè yẹn ti lọ. Nígbà tí Àkànní pè, èmi ni mo fi ìka tẹ̀ ẹ́ lórí kọ̀ǹpútà. Ìyá mi ṣí máòsì, wọ́n gbé e sétí, wọ́n jókòó bí wọ́n ṣe jókòó ní Under G.

"Àkànní, ṣé o ti jẹun? Gbà."

Ohùn kò tún gba ojú ọ̀run lọ mọ́, abẹ́ òkun ló ń gbà, èsì rẹ̀ sì yá. Ṣùgbọ́n Àkànní dákẹ́ díẹ̀ kó tó dáhùn. "Mo ti jẹun, Mà," ló wí, ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Ẹ gbà."

Wọ́n sọ̀rọ̀ fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Nígbà tí wọ́n dágbére tán, ìyá dé máòsì pa, wọ́n gbé e sórí tábìlì. Wọ́n rò pé ìpè ti gé. Mo na ọwọ́ láti gé e lórí kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n wọ́n ti gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí eku náà, wọ́n ti dijú, wọ́n ń gbàdúrà fún Àkànní, fún iṣẹ́ rẹ̀, fún ìyàwó rẹ̀, fún orúnkún rẹ̀ tó ń dùn ún tí n kò tilẹ̀ mọ̀ sí. Mo rọra fa ọwọ́ mi padà.

Nígbà tí wọ́n dákẹ́, ohùn kékeré kan jáde lábẹ́ ọwọ́ wọn, látinú ìdérí tó ti pa dé.

"Àmín, Mà."